Ẹnu Àgbà, Etí Ọmọ

Lẹ́yìn iṣẹ́ oko, lẹ́yìn ọjà, ẹ jókòó lálẹ́ títí ẹ fi mọ ìwé kà. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ kà lónìí kì í ṣe ti iṣu tàbí ti kajú. Kì í ṣe ti òwú pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó wa ni: bí wọ́n ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀, bí àwa náà ṣe ń dá wọn lóhùn, àti ohun tó ti yí ọ̀rọ̀ náà padà láti ayé àwọn baba wa títí di òní.

Ẹnì kan lè bi wá pé: "Ṣé ìyẹn náà ni ìtàn?" Ó rò pé ìtàn ọba àti ìtàn ogun nìkan ni ìtàn. Rárá o. Bí ìyá arúgbó kan bá jókòó nìkan lẹ́yìn ilé, tí kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ó ní ìdí. Ìdí náà kò bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ẹ jẹ́ ká wá a lọ.

Ta ni à ń pè ní àgbà? Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń ka ọdún orí rẹ̀ lórí ìwé. Wọ́n á ní wọ́n bí lágbájá ní ọdún tí eéṣú jẹ oko. Wọ́n á ní wọ́n bí tèmèdù ní ọdún tí Bio Guéra bá àwọn Faransé jà ní ilẹ̀ Bàrìbá, ìyẹn ni ọdún 1916. Wọ́n á ní wọ́n ń la ọ̀nà ojú irin kọjá ní Tchaourou nígbà tí ìyá rẹ̀ lóyún rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wá ń béèrè ìwé, akọ̀wé yóò wo ojú ènìyàn, yóò wo ọjọ́ orí àkọ́bí rẹ̀, yóò sì fojú díwọ̀n ọdún kan. Ẹ yẹ káàdì àwọn òbí yín wò. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ óò rí i kà níbẹ̀ pé "né vers 1940". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó tó nǹkan bí ọdún 1940 tí wọ́n bí i. Ìwé kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ilẹ̀ wa gba òmìnira. Dahomey ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Lọ́dún yẹn, tí a bá ro ti gbogbo ènìyàn pọ̀ ká tó pín in, ọjọ́ ayé ènìyàn kan kò tó 40 ọdún. Lónìí ó ti tó 60. Ẹ má ṣe rò pé kò sí arúgbó nígbà náà o. Ikú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló fa ìṣirò náà wálẹ̀. Ẹni tí ìgbóná àti èépá kò pa ní kékeré lè gbó, kó hu ewú, kó rí ọmọ-ọmọ. Ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Lónìí, ilé tó ní arúgbó ti pọ̀ sí i. Etí tó ń gbọ́ wọn ni kò pọ̀ sí i.

Nígbà tí wọn kò pọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ wọn wúwo. Kò sí ìwé tí a lè wò. Ààlà oko, gbèsè, ìdí tí ìdílé yìí kò fi ń fẹ́ ọmọ ìdílé yẹn, orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ dó síbì kan, ewé tó ń wo ibà, gbogbo rẹ̀ wà lórí àgbà. Tí ìjà ilẹ̀ bá dé, àgbà ni ìwé ilẹ̀. Tí tọkọtaya bá jà, àgbà ni kóòtù. Lálẹ́, ìyá àgbà á pa àlọ́, àwọn ọmọ á máa gbè é. Bàbá àgbà á máa pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìyàwó rẹ̀, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe gbọ́n tó: ohun tí baba kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ lójúkojú, á rán an gba ẹnu bàbá àgbà. Ohun tí ọmọ kò lè sọ fún baba rẹ̀ pẹ̀lú, ìyá àgbà ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àárín ilé ni àgbà wà bí afárá, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ fún ara wa. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ọmọdé kò lẹ́nu. Ìyàwó ilé á kúnlẹ̀, á dáhùn "ẹ̀ẹ́n", kódà nígbà tí ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbà tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ́ni jẹ, ta ni yóò dá a lẹ́kun? Àwọn baba wa máa ń pa òwe pé, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìdajì àkọ́kọ́ òwe yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà fẹ́ràn láti máa sọ. Ìdajì kejì ni àwọn ọmọ ń dúró dè.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Faransé dé. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, wọ́n ti gba Abomey, wọ́n sì ti gba ilẹ̀ Borgou. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa san owó-orí. Owó gidi ni wọ́n fẹ́, wọn kò gba iṣu. Ọ̀dọ́ ló lágbára láti lọ ṣiṣẹ́ owó, nítorí náà ọ̀dọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wọlé. Ọjọ́ tí ọmọ bá san owó-orí baba rẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín wọn kò rí bákan náà mọ́. Wọ́n tún ń fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ ọ̀nà àti ojú irin, títí di ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 tí òfin fi òpin sí i.

Ojú irin náà, ẹ̀yin ará Tchaourou, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti Cotonou ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1900. Ó dé Ṣábẹ ṣáájú ogun 1914, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọdún 1930 ló tó kọjá ní Kilibo àti Tchaourou dé Parakou, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 438. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò kò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tirẹ̀, ó kó iṣu lọ, ó kó òwú lọ, ó sì kó ọmọ lọ. Ọmọ tó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Cotonou lè pẹ́ ọdún mẹ́ta kí ó tó fẹsẹ̀ kan ilé.

Ilé ẹ̀kọ́ náà dé. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso, ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, wọ́n á fi àmì kan kọ́ ọ lọ́rùn láti fi dójú tì í. Ẹ rò ó wò. Ọmọ gbé ìtìjú yẹn délé, ó sì bá ìyá àgbà tó fẹ́ pa àlọ́ fún un. Ní ọdún 2006, Boni Yayi, ọmọ Tchaourou níbí, di ààrẹ, ìjọba rẹ̀ sì sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Ohun rere ni. Ọmọ tálákà pọ̀ tó mọ̀wé nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n fi mọ ìwé kì í ṣe èdè tí bàbá àgbà ń gbọ́, ìyẹn kò sì tíì yí padà tó bó ṣe yẹ.

Ìwé tún ṣe àwọn arúgbó mìíràn bí ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Dahomey bá Faransé jagun, ní 1914 sí 1918 àti ní 1939 sí 1945. Wọ́n darúgbó, wọ́n ń gba owó ìfẹ̀yìntì ológun. Ní òpin ọdún 1959, òfin kan jáde ní Paris tó so owó náà rọ̀ síbi tó wà. Ti àwọn ọmọ Faransé ń lé sí i, ti àwọn ará Áfíríkà kò lé bẹ́ẹ̀. Ó di ọdún 2001 kí ilé ẹjọ́ gíga kan níbẹ̀ tó sọ pé ìrẹ́jẹ ni. Ó di 2007 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san iye kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti kú. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí lẹ́tà bá dé, ẹlòmíràn ló ń kà á fún bàbá ológun. Ohun tí ẹni náà bá sọ pé ó wà níbẹ̀ ni ó gbà gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀rọ̀ ara. Ojú ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ojú ló fọ́ púpọ̀ jù ní agbègbè odò. Eṣinṣin dúdú kékeré kan wà tó ń gbé létí omi tó ń sáré, irú omi tó wà ní odò Okpara àti odò Ouémé. Tó bá bu ènìyàn jẹ, ó lè fi aràn tín-ínrín sí i lára. Aràn yìí lè wà nínú ara ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ó ń bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ń rìn lábẹ́ awọ, ara á máa yún ènìyàn láìdúró. Nígbà tó bá pẹ́, wọ́n á dé ẹyin ojú. Ẹni tí eṣinṣin ti ń bù jẹ láti kékeré lè má ríran mọ́ kó tó pé ọmọ ogójì ọdún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ di arúgbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ọmọdé kan ni yóò di ọ̀pá mú níwájú, òun yóò di ìdí ọ̀pá mú lẹ́yìn. Ọmọ tó ń fa ọ̀pá yẹn kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìran méjì ni eṣinṣin kan ṣoṣo bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọdún 1974, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan lórí àrùn yìí ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè méje ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, tiwa sì jẹ́ ọ̀kan. Hẹlikọ́pítà ń fò lórí odò, ó ń da oògùn sí omi láti pa ọmọ eṣinṣin. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà sọ pé òun yóò máa fi oògùn oníhóró kan tọrẹ láìgba kọ́bọ̀. Ivermectin ni orúkọ rẹ̀. Ẹ óò rántí bí wọ́n ṣe ń pín in ní abúlé: wọn kò béèrè ọjọ́ orí ẹni. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn gíga ènìyàn kí wọ́n tó mọ iye hóró tó tọ́ sí i. Iṣẹ́ náà parí ní òpin ọdún 2002. Wọ́n ṣírò pé ó gba nǹkan bí 600,000 ènìyàn lọ́wọ́ ìfọ́jú. Ní 2015, wọ́n fún Satoshi Ōmura ará Japan àti William Campbell, àwọn tó ṣàwárí oògùn náà, ní ẹ̀bùn Nobel. Pípín oògùn kò tíì parí níbi gbogbo, nítorí náà tí wọ́n bá dé, ẹ gbà á.

Àrùn ojú mìíràn wà tí kò ní eṣinṣin nínú. Ọjọ́ ogbó ló sábà máa ń mú un wá. Nǹkan funfun á máa bo ẹyin ojú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí kùrukùru bo oko. Dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ kékeré sí i, kí ojú tún ríran. Ó dùn mí pé àwọn kan ṣì ń jókòó sínú òkùnkùn yìí nítorí pé ará ilé sọ pé, "Ogbó ni." Àgbà tí kò rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ kò mọ̀ bóyá ẹni náà ń rẹ́rìn-ín tàbí ó ń bínú. Díẹ̀díẹ̀, òun náà á dákẹ́.

Etí ńkọ́? Èyí ni kò hàn síta, òun ló sì ń fa ìjà jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn mẹ́rin tó ti kọjá 60 ọdún, ó lé ní ẹnì kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kì í ṣe gbogbo ìró ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró tín-ínrín ló ń kọ́kọ́ lọ, bíi s, ṣ, f, t àti k. Ìró tó nípọn á ṣì kù. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde: fún, sún, kún. Ohùn wọn jọra, ìparí wọn jọra. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ náà ni etí àgbà pàdánù. Ohun tí bàbá gbọ́ kò ju "ún" lọ. Òun ló máa wá méfò.

Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ń gbọ́ ìlù láti òdìkejì ìlú, tí kò sì gbọ́ ohun tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn ọmọdé tín-ínrín, ti ìlù nípọn. Àwọn ará ilé á ní, "Ó ń gbọ́ èyí tó wù ú." Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá sì ń pariwo mọ́ ọn, kò ràn án lọ́wọ́. Ariwo kò mú s àti f le sí i, ojú ẹni tó ń pariwo ló ń le. Bàbá á wo ojú náà, á rò pé wọ́n ń bá òun jà. Ẹ lọ síwájú rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó lè rí ẹnu yín. Ẹ pa rédíò. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá gbọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ mìíràn sọ ọ́, ẹ má ṣe tún èyí tó ṣòro yẹn sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí ló kàn dí i, nọ́ọ̀sì á sì yọ ọ́ kíákíá. Ẹ má ṣe fi igi tàbí ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kẹta wúwo, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Àgbà mìíràn wà tí ìrántí rẹ̀ ń lọ. Ó béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Ó dìde lóru, ó ń rìn kiri nínú àgbàlá, ó ń dá sọ̀rọ̀. Àrùn ọpọlọ ni. Àwọn dókítà lọ wo arúgbó 502 ní agbègbè Djidja, ní ilẹ̀ Zou, gbogbo wọn ti lé ní 65 ọdún. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2009. Nínú 100, kò tó 3 tó ní àrùn náà. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo arúgbó ló ń gbàgbé báyìí, kì í sì í ṣe ogbó lásán.

Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá arúgbó tó bá ń rìn lóru, tó ń dá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní àjẹ́ ni. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ilé, ó di ọ̀rọ̀ ìjọba. Kérékou, tó gba ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, ń bá ohun tí wọ́n pè ní ìwà àtijọ́ jà, wọ́n sì fi àjẹ́ kún un. Wọ́n mú àwọn arúgbó káàkiri ilẹ̀ wa, obìnrin ló pọ̀ jù. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Ìjẹ́wọ́ àwọn kan jáde lórí rédíò. Ìyá tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí kò mọ èdè ìjọba, tí ìbẹ̀rù ti mú, kí ni yóò sọ? Ó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sọ. Àwọn ọmọ tó ń kú nígbà náà, èépá, ibà àti ipá tí ń mú ọmọ tuntun ló ń pa wọ́n. Àìsàn wọ̀nyí ní abẹ́rẹ́ tàbí oògùn. Ẹni tí kò ní ọmọ tó lè gbèjà rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ́ sọ́wọ́ wọn. Mo gbà pé ìgbà yẹn wà lára ohun tó burú jù tó tíì bá àgbà ní ilẹ̀ wa, a kì í sì í sọ ọ́ tó.

Àwọn ọmọ náà ń lọ. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Ghana àti ní Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó kan Nàìjíríà, ìjọba Shagari lé àwọn àlejò tó ju mílíọ̀nù kan lọ, àwọn ará Bénin sì wà nínú wọn. Àwọn kan padà délé lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n bá òbí tó ti hu ewú. Ọmọ tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn odi tẹ̀ lé wọn dé, kò mọ bí a ṣe ń kí bàbá àgbà. Bàbá bínú pé ọmọ náà dúró gbọnrangandan níwájú òun. Ọmọ náà kò mọ ohun tí òun ṣe.

Kí tẹlifóònù tó dé, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀? Ẹni tó ń lọ ni wọ́n ń rán níṣẹ́. Tàbí kí wọ́n bẹ akọ̀wé, lẹ́tà á sì dé ní èdè Faransé, tí a ó tún wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ ìyá ti ń yí kí ó tó dé etí ọmọ. Ní àwọn ọdún 1980, kásẹ́ẹ̀tì dé. Ìyá á jókòó níwájú ẹ̀rọ, á sọ gbogbo rẹ̀ ní Nàgó, á kí wọn níkọ̀ọ̀kan, á sunkún díẹ̀, á gbàdúrà. Ní tèmi, kásẹ́ẹ̀tì yẹn dára ju lẹ́tà lọ, torí ohùn ìyá gan-an ló dé ọ̀hún. Lẹ́yìn náà, tẹlifóònù alágbèéká wọ Bénin. Lónìí, wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìyẹn náà sì jọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Àgbà tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè ní kí wọ́n tún un lù fún òun títí yóò fi yé e. Ìpè lásán kò fúnni láyè bẹ́ẹ̀: owó ń jó, ọmọ ń kánjú, etí bàbá kò gbọ́, á ní "ẹ̀ẹ́n, ẹ̀ẹ́n", á gbé e sílẹ̀.

Òfin sọ ohun kan nípa gbogbo èyí. Òfin ńlá ilẹ̀ Bénin ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ní ẹsẹ̀ 26 pé ìjọba gbọ́dọ̀ bójú tó àwọn arúgbó. Òfin ìdílé tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2004 sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ bọ́ òbí rẹ̀ tó wà nínú àìní. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú òfin pé, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò ní owó ìfẹ̀yìntì bí ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Oúnjẹ ni òfin lè fipá mú ọmọ gbé wá. Kò sí òfin tó lè mú un jókòó ti ìyá rẹ̀ kí wọ́n jọ tàkúrọ̀sọ.

Amadou Hampâté Bâ, ọmọ ilẹ̀ Mali, sọ ọ̀rọ̀ kan ní UNESCO ní Paris ní ọdún 1960 tí gbogbo ayé ń tún sọ. Ó fi ikú àgbà tí kò kọ ìwé wé ilé ìwé tó jóná. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilé ìwé mìíràn ti tìlẹ̀kùn tipẹ́ kí iná tó jó o, nítorí pé kò sẹ́ni tó wọlé. Àwọn tó mọ orúkọ oko àtijọ́ ní Alafiarou tàbí Tchatchou, tó mọ bí Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní ṣe jọ pín omi àti koríko, wọ́n ṣì wà láàyè lónìí. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ lọ jókòó níwájú àgbà kan ní ìdílé yín. Òwúrọ̀ dára jù, nígbà tí kò tíì rẹ̀ ẹ́, tí ariwo kò tíì pọ̀. Ẹ béèrè orúkọ àwọn tí wọ́n jọ dàgbà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi kí kànga tó dé, àti ẹni tó fi ọwọ́ ìyàwó lé bàbá lọ́wọ́. Tó bá dákẹ́, ẹ má ṣe kánjú bá a parí ọ̀rọ̀. Ó ń wá a bọ̀ ni. Ẹ kọ ọ́ ní Nàgó bó ṣe sọ ọ́, kódà tí kò bá gún. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sí òkè ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí i létí, díẹ̀díẹ̀, ní iwájú rẹ̀. Yóò tún un ṣe níbi tí ẹ bá ti ṣì í, ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ mìíràn á tún jáde.